Lẹ́tà Ọjọ́ Ajé

"Wọn ò rí i." Ọmọbìnrin ọ̀gá télọ̀ gbé fóònù kalẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ fi ìwé iye owó wa ránṣẹ́, Bàámi, ẹyọ kan ò dé. Obìnrin tó ń bá ilé ìwòsàn ra nǹkan ní òun wo ibi tí lẹ́tà àwọn oníjìbìtì ń bọ́ sí pàápàá. Kò sí níbẹ̀."

Ọ̀gá télọ̀ dìde, ó tún jókòó. Ó fi téèpù ìwọnṣọ wé ìka, ó tú u, ó tún wé e. "Màá fẹsẹ̀ mi gbé e lọ fún wọn."

"Wọn ò gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ímeèlì ni wọ́n ń gbà, àdírẹ́sì tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ ti wá. Bó bá ti lu aago méjì, ó parí."

Aago mọ́kànlá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní yàrá kejì, ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́rin ń dún lọ bí òjò orí páànù. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń rán aṣọ ibùsùn fún ilé ìwòsàn náà. Bí ẹlòmíràn bá gbà á lọ́dún yìí, méjì nínú àwọn obìnrin mẹ́rin tó jókòó ti ẹ̀rọ yẹn yóò máa lọ sílé. Ó ti mọ àwọn méjì tí yóò jẹ́, ìyẹn ni kò jẹ́ kó lè jókòó.

Ìyá Bọ́tìnì, ẹni tó ń rán bọ́tìnì mọ́ aṣọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí ilé iṣẹ́ náà, yọrí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọ̀gá, ṣé wọ́n ti rí i?"

"Wọn ò tíì rí i."

"Háà! Lẹ́tà tí kò lẹ́sẹ̀, ta ló wá dá a dúró lọ́nà? Ẹ bá mi wá a o. Ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó máa bá jà ló ń wá kiri. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n lọ jókòó tì í nílé."

"À ń wá a, Màmá," ni ọmọbìnrin náà wí. Akọ̀wé ni bàbá rẹ̀ ń pè é láti kékeré, nítorí kò sí ògiri tí kò kọ nǹkan sí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe níbòmíràn. Bàbá rẹ̀ ló pè é wá láàárọ̀ yìí. Ó tún gbé fóònù, ó pe ilé iṣẹ́ tó ń bá wọn gbé ímeèlì. Ó gbọ́, ó gbọ́, ó ní "Ẹ ṣé, sà," lohùn kékeré.

"Wọ́n ti dá wa dúró láti ọjọ́ mọ́kànlá, Bàámi. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún làwọn kìlọ̀."

"Ta ni wọ́n kìlọ̀ fún? Èmi ò rí nǹkan kan."

"Ẹni tó forúkọ ilé iṣẹ́ wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn." Ó wo ojú bàbá rẹ̀. "Àdírẹ́sì Màámi ni."

Ọdún méjì nìyí tí ìyá náà ti ṣaláìsí. Òun ló mọ nǹkan wọ̀nyí, òun ló kó orúkọ àwọn oníbàárà tí wọ́n ń kọ lẹ́tà sí lọ́jọọjọ́ Ajé jọ, tó sì fi tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ kó lè máa rí bí lẹ́tà ṣe ń rí tó bá dé. Láti ìgbà tó ti lọ, ẹnì kan ò ṣí àpótí lẹ́tà rẹ̀.

Ọ̀gá télọ̀ lọ sí ojú fèrèsé, ó padà. "Ṣé àfi ká ṣí i? Kò sọ́nà mìíràn?"

"Kò sí."

Ó pe ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń ṣí i fún un ní ẹyọ ẹyọ, bí ẹni ń pe ìwọ̀n fún ẹni tó ń gé aṣọ.

Ìkìlọ̀ márùn-ún wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ọ̀gá télọ̀ fúnra rẹ̀ ló kún inú rẹ̀, ọ̀kan fún ọjọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan, tí ẹnikẹ́ni ò ṣí. Akọ̀wé ṣí ọ̀kan. Lókè, iye aṣọ àti àwọ̀ tuntun tó wọlé. Nísàlẹ̀: *Òjò rọ̀ láti àárọ̀. Páìpù ẹ̀yìnkùlé ti tún ń jò.* Ó ṣí òmíràn: *Áyọ́ọ̀nù jó mi lọ́wọ́, ó ti ń jinná.* Òmíràn: *Mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni jókòó sórí àga rẹ.*

"Bàámi." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ̀yin fi èyí ránṣẹ́ sí igba èèyàn?"

Téèpù ti tún wé ìka rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. "Bí mo bá kọ ọ́ sí òun nìkan, ẹ ó ní orí mi ti dàrú. Bó bá jẹ́ lẹ́tà oníbàárà, iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

Akọ̀wé yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé fún un. Àdírẹ́sì àwọn kan ti kú, lẹ́tà wọn ń padà. Ọ̀rọ̀ òjò àti páìpù ti sú àwọn mìíràn, wọ́n sì ti fi tó ẹ̀rọ létí pé ẹni yìí ń yọ àwọn lẹ́nu. Bí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ bá pọ̀, oníjìbìtì ni wọ́n máa ń ka ẹni tó ń kọ̀wé sí.

"Oníjìbìtì? Èmi?"

"Ẹ̀rọ ni, Bàámi. Kò mọ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Nínú ìkìlọ̀ yẹn, wọ́n ní ká yọ gbogbo ẹni tí kì í ṣí lẹ́tà wa kúrò, àwọn á tún wá gbà wá."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti òkè àwọn orúkọ náà.

"Onílé oúnjẹ yẹn ńkọ́? Èèyàn dáadáa ni."

"Ó ti kógbá sílé látọdún tó kọjá."

"Yọ ọ́. Olùkọ́ àgbà yìí?"

"Kò ṣí i rí."

"Onígbéraga! Yọ ọ́."

Igba di ọgọ́rùn-ún, ó di méjìlélógójì. Nígbà tó kan èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, Akọ̀wé ká ọwọ́ kúrò.

"Ẹ̀yin lẹ máa ṣe èyí."

Aago méjìlá ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ní yàrá kejì, ẹ̀rọ kan dúró, bóyá òwú ló já, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá télọ̀ tú téèpù lọ́wọ́, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ka orúkọ ìyàwó rẹ̀ láìyọ ohùn. Ó yọ ọ́. Kò dún rárá. Ìlà náà kàn ṣófo.

Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà fún wọn. Ọ̀gá télọ̀ kọ iye owó aṣọ ibùsùn, ó kọ ìwọ̀n, ó kọ ọjọ́ tí yóò gbé e dé. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ìka rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀, ó sì fi mọ bẹ́ẹ̀.

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, fóònù dún, Akọ̀wé sì jẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́ ọ. "Ó ti dé," ni obìnrin ilé ìwòsàn wí. "Ó ti wà láàrin àwọn yòókù. Ọjọ́ Ẹtì lẹ máa gbọ́ ẹni tí a mú."

"Ọpẹ́ o!" ni Ìyá Bọ́tìnì ké láti yàrá kejì. "Kí ọkọ mi wá ẹlòmíràn bá jà títí di ọjọ́ Ẹtì!"

Akọ̀wé gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Bàbá rẹ̀ ń wo fèrèsé. Ojú ọ̀run ti ṣú.

"Òjò máa rọ̀," ló wí. Ó yíjú sí i. "Páìpù ẹ̀yìnkùlé yẹn, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ó tún ń jò."

Ọmọ náà sọ báàgì kalẹ̀. Ó fa àga ìyá rẹ̀ jáde lábẹ́ tábìlì, ó sì jókòó lé e. Bàbá rẹ̀ ò sọ pé kó dìde.

"Apá ibo ló ti ń jò?" ló béèrè.