Egungun Lambros

Lábúlé wa lórí òkè ní Gíríìsì, trávma là ń pe ọgbẹ́, bẹ́ẹ̀ náà làwọn baba ńlá wa ṣe ń pè é. Lílu lọ̀rọ̀ náà ti wá: ohun tó gún ara, tó dá ihò sí i. Èyí ni Zisis, ẹlẹ́nu-bí-abẹ, dì mú nígbà tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ orúkọ àwọn tó fara gbọgbẹ́ lógun Albáníà sára òkúta iwájú ṣọ́ọ̀ṣì.

“Lambros kẹ̀?” Ó na ẹsẹ̀ igi rẹ̀ síwájú nílé kọfí. “Ọwọ́ méjì ló gbé lọ, ọwọ́ méjì ló gbé bọ̀. Ẹ fi ihò hàn mí!”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Evanthia, àbúrò Lambros lóbìnrin, ń ru igi ìdáná kọjá, ó sì gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Òun ló tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tó togun dé. Bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá ti dún, Lambros á dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ì báà jẹ́ ọjọ́ Àjíǹde. Àwọn ọmọdé á máa tẹ̀ lé e, wọn á máa ké “gan-an, gan-an!” bí agogo kí wọ́n lè rí i kó ṣubú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí òtútù àyà fi mú un lọ, kò tíì pé ogójì ọdún.

Ó ti pé ọdún márùn-ún nínú ilẹ̀ báyìí, àkókò tó láti hú egungun rẹ̀ ká fi wáìnì fọ̀ ọ́, bí a ti ń ṣe fún gbogbo òkú wa. Gbogbo abúlé ló máa wà níbẹ̀. Evanthia mọ̀ pé bí wọn kò bá rí nǹkan kan lára egungun yẹn, orúkọ ẹ̀gbọ́n òun kò ní dé orí òkúta láéláé. Ló bá wá ọta ìbọn kan lójú ọ̀nà ewúrẹ́, ó fi eérú fọ̀ ọ́, ó fi í sápò.

Láàárọ̀ Sátidé, Ìyá Garufalia tó máa ń húlẹ̀ fún gbogbo wa kúnlẹ̀ sínú kòtò. Egungun jáde, ó pọ́n bí ìda oyin. Ara tu àwọn obìnrin, nítorí àmì burúkú ni egungun dúdú. Evanthia tẹ̀ ba bí ẹni tó fẹ́ fẹnu ko ilẹ̀, ó sì ti ọta náà sáàárín egungun ìhà.

Kò pẹ́ tí ọwọ́ ìyá náà fi bà á. Ó wò ó, ó wo Evanthia, ó wá sún mọ́ etí rẹ̀.

“Ọmọ mi, irin tó bá ti sùn nínú ilẹ̀ kì í dán báyìí.”

Ojú ti Evanthia débi pé ó wù ú kí ilẹ̀ gbé òun náà mì. Ìyá náà ju ọta náà sínú igbó.

“Kí lẹ ń sọ lábẹ́lẹ̀?” Zisis pariwo láti òkè. “Ihò wà ni, àbí kò sí?”

“Kò sí,” ni Ìyá Garufalia dáhùn. Ó da wáìnì sórí agbárí, ó ń fọ ẹrẹ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ni ọwọ́ rẹ̀ bá dúró.

“Kí lọmọ yìí ń jẹ nígbà ayé rẹ̀?”

Gbogbo wọn na ọrùn. Eyín Lambros ti jẹ pẹlẹbẹ dé ìdí, bí eyín arúgbó.

Evanthia kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbárí náà. “Kì í ṣe oúnjẹ, Ìyá. Bó bá ti sùn ló máa ń payín keke títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo máa ń fi ìrọ̀rí di etí mi.” Ó bú sẹ́kún. “Mo gbọ́ ọ lálaalẹ́, mi ò mọ̀ pé ọgbẹ́ ni!”

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Stamato, ìyàwó Zisis, kò tilẹ̀ wo agbárí náà mọ́. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

“Zisis, la ẹnu rẹ.”

“Obìnrin yìí, gbé ẹnu ẹ dákẹ́!”

“La ẹnu rẹ kí wọ́n rí i.”

Zisis pa ètè rẹ̀ dé gbọin, ó gbé ojú sókè. Síbẹ̀, gbogbo àwọn tó yí ibojì náà ká ń gbọ́ ọ láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀: keke, keke, keke.