Ọjọ́ Aṣọ Pupa

Ilé ìwé tí àwọn ọmọ wa ń lọ ní Ìdímù kì í jẹ́ kí òbí sinmi. Bí oṣù tuntun bá ti wọlé báyìí, iṣẹ́ oṣù náà á ti já sórí Wásáàpù: ọjọ́ ìdánwò kékeré, ọjọ́ tí òbí máa wá wo ìwé ọmọ, ọjọ́ èso, ọjọ́ aláwọ̀. Ó kù kí wọ́n ní ká wá máa fọ aṣọ tíṣà. Mo máa ń kùn, ṣùgbọ́n mo máa ń ṣe é, torí Fàdìlàt ọmọ mi kò ní gbà fún mi.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n ní pupa ni àwọ̀ oṣù náà. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ aṣọ pupa, kí òbí kan sì wá wò ó. Èmi ò rí wàhálà kankan níbẹ̀, àfi ìgbà tí Naomi tí a jọ ń gbé inú ilé kan náà wá kan ilẹ̀kùn mi. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi.

"Ìyá Fàdìlàt, ẹ gbà mí. Ṣìkẹ́mi ni wọ́n ní kó ṣíwájú ewì, pupa ni wọ́n sì ní kó wọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ọmọ Èkìtì ni Naomi, inú ìjọ Kátólíìkì ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ìjọ aláṣọ funfun ni Ebenezer ọkọ rẹ̀ ń lọ, ibẹ̀ lòun náà sì ń lọ látìgbà tó ti fẹ́ ẹ. Wọn kì í wọ pupa, wọn kì í wọ dúdú. Ìyá ọkọ rẹ̀ tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá wá láti Oǹdó, ó ń bá wọn gbé, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ìjọ ṣeré. Olúwaṣìkẹ́mi ọmọ Naomi kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Orí ibùsùn Màmá ló ń sùn, ẹ̀yìn Màmá ló ń tọ̀ kiri.

"Sọ fún Màmá, jàre," ni mo wí.

"Háà! Ṣé ẹ ò mọ̀ wọ́n ni?"

"Sọ fún tíṣà nígbà náà."

"Wọ́n á kàn gbé ewì náà fún ọmọ míì ni. Lọ́jọ́ aláwọ̀ dúdú, òun nìkan ló wọ yúnífọ́ọ̀mù, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi í sí. Ó sunkún délé. Mi ò lè rí ẹkún yẹn lẹ́ẹ̀kejì."

Bí a ṣe di ọ̀daràn nìyẹn. Naomi ra gáùn pupa, ó gbé e pamọ́ sọ́dọ̀ mi. Lálaalẹ́ ni mò ń gbọ́ ohùn Màmá láti yàrá kejì tó ń kọ́ ọmọ ní ewì: "Ata pupa, tòmátò pupa! Gbé orí sókè, ọmọ mi, kí wọ́n gbọ́ ọ." Inú obìnrin náà dùn débi pé ó ń bi Naomi ní ọjọ́ tí òun máa wá gbọ́ ọ. Naomi sọ fún un pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tó sọ fún mi pé irú irọ́ tí òun pa nìyẹn, mo ní kó ṣọ́ra. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ náà bọ́ sí. Màmá ti lọ sí ìsìn, ó sì dà bíi pé ọ̀nà là fún wa. Ọ̀dọ̀ mi ni Ṣìkẹ́mi ti pàrọ̀ aṣọ. Naomi ò rí bọ́tìnnì ẹ̀yìn aṣọ dè, èmi ni mo bá a dè é. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń wo ilẹ̀kùn. Mo rò pé ewì ló ń ro lọ́kàn.

Nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé, ara èmi náà ò lélẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé, Naomi á di ọwọ́ mi mú. Mo sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, ó ní òun ti fọkàn balẹ̀, èékánná rẹ̀ sì ń wọ̀ mí lára.

Wọ́n pe àwọn ọmọ jáde. Ṣìkẹ́mi dúró níwájú, ó gbé orí sókè bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. "Ata pupa, tòmátò pupa," ohùn rẹ̀ já geere. A pàtẹ́wọ́. Ìgbà yẹn ni Màmá wọlé.

Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ọmọ ọmọ tiẹ̀ náà wà ní ilé ìwé wa ló ti sọ fún un pé ọjọ́ náà ni. Láti ìsìn ló ti ń bọ̀ tààrà, nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wá ọmọ rẹ̀ kiri. Ojú òun àti Ṣìkẹ́mi sì ṣe mẹ́rin.

Ewì dákẹ́. Ọmọ náà na ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wá bọ́tìnnì. Kò rí i dì mú. Ó bá gbá etí aṣọ mú, ó ń fà á gba orí bọ́, níwájú gbogbo ayé, ó ń ké: "Màmá, ẹ má lọ! Ẹ wò ó, mo ti ń bọ́ ọ! Ẹ má lọ!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó sáré lọ síwájú, ó fi apá sùtánà rẹ̀ bo ọmọ náà.

"Lọ síbo? Ta ló ní mò ń lọ?"

"Mọ́mì ni. Wọ́n ní tí ẹ bá rí pupa lọ́rùn mi, ẹ máa kó ẹrù yín padà sí Oǹdó, ẹ ò sì ní bá wa gbé mọ́."

Mo yíjú sí Naomi. Kò sọ ìyẹn fún mi. Ó ti fi ọwọ́ bo ojú.

Níta gbọ̀ngàn ni Màmá ti bá a sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè rárá. "Ìyàwó mi, kóòtù ni bàbá ọkọ rẹ ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Aṣọ dúdú ni wọ́n ń wọ̀ jáde láàárọ̀. Ohun tí iṣẹ́ tàbí ilé ìwé bá wọ̀ síni lọ́rùn, kò sẹ́ni tó ń báni wí sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. O ò ṣáà bi mí."

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ̀rù yín ló ń bà mí."

"Èmi! Kí ni mo ṣe fún ọ?"

Màmá gbé gáùn tí ọmọ ti bọ́ náà, ó ní òun fúnra òun lòun máa wọ̀ ọ́ fún ọmọ, kó padà lọ ké ewì rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ títí. Ṣìkẹ́mi di ọrùn rẹ̀ mú, ó ní òun ò wọ̀ ọ́. Ọmọ mìíràn ló parí ewì.

Màmá kò lọ síbì kankan. Ṣùgbọ́n títí di òní, tí ó bá ti ní òun fẹ́ jáde, ì báà ṣe ìsàlẹ̀ àdúgbò lásán, ọmọ náà á kọ́kọ́ wo aṣọ tó wà lọ́rùn ara rẹ̀.