Ojú Tí Mo Kùn fún Segundo

Mo ti búra: bí mo bá tún rí Auristela lẹ́nu ọ̀nà mi, màá wọlé, màá tilẹ̀kùn. Ofelia àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ó ní ilẹ̀kùn wo, èyí tí kò ní àgádágodo? Mi ò sí nínú ẹ̀fẹ̀ o. Ọdún ń parí lọ, òjò ìlú Guayaquil ò jẹ́ kí aṣọ gbẹ, gbogbo ayé ń lọ ra ọmọláńgidi oníwèé tí wọ́n kùn bí akọni inú sinimá. Ẹnìkan ṣoṣo tó wá bẹ èmi tí mò ń fi aṣọ rán tèmi níṣẹ́ ńlá, òun ló tún fẹ́ sọ mí di wèrè.

Iṣẹ́ wa ò le. A ó rán ṣòkòtò mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, a ó ki lẹ́búlẹ́bú pákó sí i títí yóò fi sanra, a ó fi aṣọ funfun rán orí, a ó kun ojú sí i. Arúgbó Ọdún nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ tí ọdún bá ń parí, olúkálukú á gbé tirẹ̀ síwájú ilé, á dáná sun ún, kí ohun tó dùn ún lọ́dún náà bá a lọ. Ẹlòmíràn á ní ká fi jọ aládùúgbò tó ń yọ òun lẹ́nu. Auristela ní ká fi tòun jọ Segundo, ọkọ rẹ̀ tó bá obìnrin kan lọ sí ìlú Manta lóṣù Kárùn-ún.

"Màmá Targelia," ó ní, "bí mi ò bá sun ọkùnrin yìí, mi ò lè wọ ọdún tuntun. Mo ṣì ń bu oúnjẹ tiẹ̀ sílẹ̀."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó kó aṣọ, bẹ́líìtì àti bàtà Segundo wá, ó mú fọ́tò ìgbéyàwó wọn wá, èmi náà wo fọ́tò, mo kun ojú tó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ó kọ́kọ́ ní imú tóbi jù. Mo dín imú kù. Ó ní irunmú ò rí bẹ́ẹ̀. Mo tú òwú dúdú, mo tún un rán. Ó ní ikùn Segundo kì í ṣe róbótó báyìí, mo fa lẹ́búlẹ́bú yọ. Nígbà tó tún padà wá, ó ní ó ti rù jù, àwọn èèyàn á ní ebi lòun fi pa á. Bẹ́ẹ̀ ni kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Ó tú bẹ́líìtì lọ, ó ní ojúlówó awọ ni. Ó bọ́ bàtà lọ, ó ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì dáa. Ìgbà tó wá fẹ́ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo ti rán pa ni mo gbá a lọ́wọ́.

"Ṣé ìhòòhò lo fẹ́ sun ún ni?"

Ó ní ṣẹ́ẹ̀tì náà ni Segundo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ofelia ní irọ́ ni, Segundo ò mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tí wọ́n ti ń mú àkùkọ jà ló mọ̀. Mo bú Ofelia náà. Ta ló bi í? Àwọn ọmọláńgidi kéékèèké tí a máa ń tà fún àwọn ọmọdé wà nílẹ̀ láìlójú, láìlẹ́sẹ̀, nítorí ọkùnrin tí kò sí nílé.

Àárọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún, mo ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ gígún pẹ̀lú kọfí, Auristela tún dé. Ó jókòó ti ọmọláńgidi náà, ó wò ó títí, ó ní kò tíì jọ ọ́. Mo bi í pé kí ni kò jọ. Kò mọ̀. Ó ṣáà ní kò jọ.

Inú bí mi. Mo ti oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rẹ àkísà sínú kẹrosíìnì, mo fi nu ojú náà dànù, ẹ̀rín àti ẹyinjú, gbogbo ẹ̀. Mo ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, mo kun èyí tó wá sí mi lọ́wọ́. Mi ò wo fọ́tò kankan. Ẹyinjú méjèèjì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹnu rẹ̀ wà gbọọrọ, kò rẹ́rìn-ín, kò fajú ro. Iṣẹ́ jákujàku ni, ojú tì mí fún ara mi, ṣùgbọ́n mo gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ní kó máa gbé e lọ, bí kò bá lè sun ún, kó fi ṣe ìrọ̀rí.

Auristela na ọwọ́, ó tún ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì náà ṣe.

"Òun nìyí," ó ní. "Bó ṣe máa ń wò nìyí tí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀. Kì í ṣe lóṣù Kárùn-ún o. Ó ti pẹ́."

Mo rò pé iṣẹ́ ti parí nìyẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá okùn tó máa fi gbé e. Auristela dì mí lọ́wọ́ mú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá ẹyinjú yẹn padà. Kó wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n tó sun ún."

Búrọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́wọ́ mi, ọ̀dà ò sì tíì gbẹ. Kò le rárá. Ohun tó ti ń wá látọjọ́ yìí nìyẹn, tó ń fi imú àti ikùn dà mí láàmú. Inú tún bí mi, ṣùgbọ́n Segundo ni mo ń bínú sí báyìí.

"Mi ò ní ṣe é, Auristela. Èyí tó bá wò ẹ́, o ò ní lè sun ún."

Ó sunkún, a sì jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, Ofelia gbé Segundo lé e lẹ́yìn, mo sì fi okùn bá a pọ̀n ọ́n.

Nígbà tí ilẹ̀ ọdún tuntun mọ́, mo gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá. Ó ń gbá eérú. Mo bi í bó ṣe jó. Ó ní òun ò mọ̀: òun ṣáná sí i tán, òun kọ ẹ̀yìn sí i, òun náà ò wò ó.