Ẹsẹ̀ Bàtà Mẹ́ta Láàárín Màríà àti Jósẹ́fù

Owú ni o. Ẹ má jẹ́ kí n máa fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Gbọ́láhàn ní oṣù Disẹ́ńbà yẹn, owú ló fà á. Bí obìnrin bá ń jowú, kíá ni àdúgbò á gbọ́, wọn á sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ti ọkùnrin kì í sábà lórúkọ. Ti Gbọ́láhàn tiẹ̀ gba orúkọ míì, ààbò ló ń pè é.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì wọn lẹ́yìn àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó, ẹgbẹ́ eléré kan wà tó máa ń ṣe eré ìbí Jésù lọ́dọọdún. Kì í ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn o. Tíṣà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àgbẹ̀ méjì tiẹ̀ ń ti Ìgbẹmọ wá. Lọ́dún kan, áńgẹ́lì tó dúró sórí tábìlì, tó ń sọ fáwọn olùṣọ́-àgùntàn pé kí wọ́n má bẹ̀rù, òun gan-an ló já bọ́, apá rẹ̀ sì kán. Fadá ní òun ò ní gbà kí wọ́n ṣeré mọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan ń rí sí ààbò. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n mú Gbọ́láhàn, akọ̀wé ìjọba, ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá ti ilẹ̀kùn tán, á tún padà wá fà á wò lẹ́ẹ̀mẹta.

Ká sòótọ́, ó mọ iṣẹ́ náà. Ó kọ òfin sára páálí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn. Òfin kìíní: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan iná tó ń jó lórí ìtàgé, ìbáà ṣe àbẹ́là, ìbáà ṣe àtùpà. Èkejì: kí korobá iyanrìn kan wà lápá ọ̀tún, kí òmíì wà lápá òsì. Ẹ̀kẹta: ẹni tó bá máa gun tábìlì, èèyàn méjì ni yóò bá a di tábìlì mú. Màmá Olúfúnṣọ́, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, tó ń darí eré náà, kà á tán, ó ní, "Gbọ́láhàn, o ṣeun. Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣọdún láyọ̀."

Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere títí wọ́n fi pín ipa. Màmá Olúfúnṣọ́ ní Olúyẹ́misí, ìyàwó Gbọ́láhàn, ni yóò ṣe Màríà. Inú obìnrin náà dùn, odindi ọjọ́ méjì ló fi ń kọrin nídìí ààrò. Wọ́n wá mú Adébọ̀wálé ṣe Jósẹ́fù. Yéè! Adébọ̀wálé, tíṣà láti Ìgèdè, ọkùnrin gíga tó dúdú tó ń dán, tó jẹ́ pé bó bá ní "ẹ káàsán" lásán, àwọn obìnrin inú kúáyà á yíjú sí i. Ó ti gbéyàwó, Fọláyẹmí ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ kejì fún un ni. Èwo ló kan Gbọ́láhàn nínú ìyẹn? Ẹni tí owú ń jẹ kì í rí òrùka lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Lọ́jọ́ ìdánrawò àkọ́kọ́, Jósẹ́fù di ọwọ́ Màríà mú, wọ́n ń wá ilé tí wọn yóò wọ̀ sí ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Adébọ̀wálé ṣi ọ̀rọ̀ sọ, Olúyẹ́misí sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni Gbọ́láhàn gbé relé. Ó ń jẹun, ó ń gbọ́ ọ. Ó ń wẹ̀, ó ń gbọ́ ọ. Ìgbà wo ni obìnrin yìí ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ fún òun kẹ́yìn?

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Olúyẹ́misí se ìrẹsì Ìgbẹmọ wá fún gbogbo ẹgbẹ́. Gbọ́láhàn yọjú wo abọ́ Tíṣà, ẹran méjì ló wà níbẹ̀. Ẹran méjì! Òun ọkọ ilé, ẹyọ kan ló bá nínú abọ́ tirẹ̀, eegun ló sì pọ̀ jù lára rẹ̀. Kò lè mú un mọ́ra, ó béèrè lójú ọ̀nà ilé.

"Bàbá Jùwọ́n," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé dókítà ní kẹ́ ẹ dín ẹran kù?"

Òótọ́ ni. Dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò wọ̀ ọ́ létí, kí wọ́n má tíì sọ pé ó wọ̀ ọ́ nínú.

Bí òfin kẹrin ṣe délẹ̀ nìyẹn. Ó ní aṣọ eré gùn dé ilẹ̀, bí ẹni méjì bá sún mọ́ra, ẹnì kan á tẹ aṣọ ẹnì kejì, wọn á sì ṣubú. Nítorí náà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà láàárín Màríà àti Jósẹ́fù nígbàkígbà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi tí kálukú yóò dúró sí. Àwọn amòye mẹ́ta láti Ìlà-Oòrùn wọ aṣọ gígùn ju ti Màríà lọ, wọ́n ń kọlu ara wọn ṣáá. Gbọ́láhàn kò rí wọn.

Màmá Olúfúnṣọ́ wo ìlà náà títí. "Gbọ́láhàn, ṣé Jósẹ́fù àti Màríà ń bára wọn jà ni?"

Gbọ̀ngàn dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín. Adébọ̀wálé náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò burú. A ó máa ju ọ̀rọ̀ síra wa bí ẹni ń ju bọ́ọ̀lù." Ọmọlúàbí ni, ó sì dúró sórí ìlà tirẹ̀. Ìyẹn gan-an tún bí Gbọ́láhàn nínú sí i.

Ó tún gbé òmíì dé. Ó ní arúgbó ni Jósẹ́fù, báwo ni wọ́n ṣe ń lo ẹni tí ojú rẹ̀ ń dán yinrinyinrin? Ó lọ ra òwú, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń nu egbò, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀ di irùngbọ̀n gbàǹgbà tó bo ẹnu tó bo àyà. Nígbà tí Adébọ̀wálé wọ̀ ọ́, gbogbo ẹwà rẹ̀ pamọ́ pátá, ojú nìkan ló kù. Ó dùn mọ́ Gbọ́láhàn dénú egungun. Àfi ìgbà tí Jósẹ́fù la ẹnu sọ̀rọ̀ tó wá rántí pé òun ò lè fi òwú bo ohùn.

Ó wá ku ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n ṣeré. Ọ̀sán Sátidé ni, ọyẹ́ mú débi pé ètè ń là. Gbogbo wọn wọ aṣọ eré, wọ́n fẹ́ ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nínú eré náà, àtùpà alágolo kan wà nílẹ̀ láàárín Màríà àti Jósẹ́fù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùjẹ ẹran tí wọ́n tẹ́ ọmọláńgidi sí bí ọmọ. Tọ́ọ̀ṣì kékeré ló wà nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin kìíní. Gbọ́láhàn wọlé, ó bá Olúyẹ́misí àti Adébọ̀wálé tí wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n forí korí lórí ìwé eré. Wọ́n ti fẹsẹ̀ ti àtùpà sẹ́yìn. Màmá Olúfúnṣọ́ wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé pẹ̀lú gbogbo àwọn yòókù, ó ń ṣètò àwọn áńgẹ́lì.

Ẹ̀jẹ̀ ru sí i lórí. Ó yọ tọ́ọ̀ṣì kúrò, ó bu kẹrosíìnì tó bá ní kọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn sínú agolo, ó ti òwú àtùpà bọ̀ ọ́, ó ṣáná sí i, ó sì gbé e kalẹ̀ láàárín wọn. "Iná gidi nìyẹn. Kálukú padà sórí ìlà rẹ̀."

Ẹnu ya Olúyẹ́misí. "Bàbá Jùwọ́n, òfin yín ńkọ́?"

"Èmi ni mo ṣe òfin."

Ọ̀gá ààbò ló sọ bẹ́ẹ̀ o! Ẹ gbà mí. Adébọ̀wálé wò ó, ó lọ dúró sórí ìlà rẹ̀.

Eré bẹ̀rẹ̀. Ó dé ibi tí Jósẹ́fù yóò ti gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀. Bí kò bá sí ìlà ṣọ́ọ̀kì, ẹ̀gbẹ́ Màríà ni ì bá gbà, kì bá sì sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ó bọ̀wọ̀ fún ìlà. Ó dúró sí ọ̀nà jíjìn, ó na ọwọ́, ó tẹ̀ kọjá lórí àtùpà. Irùngbọ̀n òwú rọ̀ wálẹ̀. Ká tó ṣẹ́jú, ó ti gbiná.

"Uná o! Uná!" ni Màmá Olúfúnṣọ́ figbe ta.

Olúyẹ́misí fo àtùpà kọjá. Ó gbá orí ọkùnrin náà mú, ó gbé e mọ́ àyà, ó fi aṣọ ìborí rẹ̀ àti ọwọ́ lásán tẹ iná náà pa. Korobá iyanrìn wà lẹ́sẹ̀ Gbọ́láhàn gan-an, kò jìn sí i rárá. Kò gbé e. Kí ló ń wò? Ìyàwó rẹ̀ tó dì mọ́ ọkùnrin ni. Ó rí i tó fi ẹnu sí etí Adébọ̀wálé, tó ń sọ nǹkan sí i. Ohun tó wá sọ́kàn rẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì í, ni pé, kí ló ń sọ fún un? Ayọ̀kúnlé, ọ̀kan nínú àwọn amòye, ló sáré wá já korobá gbà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tó da iyanrìn bo àtùpà.

Ariwo sọ. Ẹnì kan gbé ẹyin dé pé kí wọ́n fi ra ojú iná. "Ta ló gbé ẹyin wá?" ni Màmá Olúfúnṣọ́ jágbe. "Ẹ sọ ọ́ nù! Ẹ gbé wọn lọ sídìí ẹ̀rọ omi, kí omi máa ṣàn sí i, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án." Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àgbọ̀n, ètè àti ọrùn Adébọ̀wálé bó. Ti Olúyẹ́misí, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ni.

Lẹ́yìn ìsìn Sọ́ńdè, Fadá pe gbogbo wọn. Adébọ̀wálé kò lè sọ̀rọ̀, bándéèjì dé gbogbo ẹnu rẹ̀. Fadá béèrè ẹni tó tan iná sórí ìtàgé.  Gbọ́láhàn ń wá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ti dìde.

"Èmi ni, Fadá. Mo fẹ́ kó jọ ojúlówó."

Adébọ̀wálé dorí kodò. Gbọ́láhàn náà dorí kodò. Ó dákẹ́ o! Ó jẹ́ kí obìnrin ru ẹrù rẹ̀. Fadá ní Olúyẹ́misí kò ní bá wọn ṣeré mọ́, wọ́n sì mú Oore-ọ̀fẹ́ láti inú kúáyà rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí Gbọ́láhàn ti ń wá láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ kò ní bá Adébọ̀wálé dúró níbì kan náà mọ́. Ó yẹ kó jó. Ọwọ́ méjèèjì obìnrin náà wà nínú bándéèjì, ọkọ rẹ̀ ló ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sí i lẹ́nu. Omijé ń dà lójú Olúyẹ́misí bó ṣe ń gbé e mì, kò sì kọrin kankan mọ́ nínú ilé. Síbẹ̀, ṣé ẹ mọ ohun tí Gbọ́láhàn bi í? Ó ní, "Kí lo sọ sí i létí lọ́jọ́ yẹn?"

Olúyẹ́misí yí ẹnu kúrò lára ṣíbí. "Ẹ bu omi fún mi," ló fi dáhùn.

Gbọ́láhàn fara dà á fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, ó wọ mọ́tò lọ sí Ìgèdè. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀bẹ̀ lòun ń lọ bẹ̀. Láti Adó títí dé ibẹ̀ ló ń to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu: àbúrò, èmi ni mo jẹ̀bi, owú ló ń ṣe mí. Fọláyẹmí, tó pọn ọmọ, ló ṣílẹ̀kùn fún un, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì gbé omi wá. Adébọ̀wálé jáde láti yàrá. Wọ́n ti tú bándéèjì, ìpara ń dán lágbọ̀n rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n," ló wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nítorí ètè.

Gbọ́láhàn la ẹnu kí ó bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ló jáde.

"Kí ni ìyàwó mi sọ sí ọ létí?"

Fọláyẹmí yíjú. Adébọ̀wálé jókòó. "Ẹ̀gbọ́n, iná ṣì ń jó o lọ́wọ́ nígbà yẹn. Ó ní, 'Tíṣà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má sọ fún wọn pé ọkọ mi ni.'"