Ọmọ Ẹ̀pẹ́ Tí Kì Í Jẹ Ẹja

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí kì í jẹ ẹja! Bí wọ́n ṣe máa ń fi Ìbídùnní ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn ní ilé ìwòsàn kékeré tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì n'Ìjẹ̀dẹ́. Kì í sì í ṣe ẹja nìkan. Kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹyin, kì í mu wàrà. "Ohun ẹlẹ́mìí àti ohun tó bá ti ara ẹlẹ́mìí jáde, mi ò fi kan ẹnu," ohun tó máa ń wí nìyẹn. Mẹ́tírọ̀nù Wúràọlá, ọ̀gá rẹ̀, a bú sẹ́rìn-ín: "Ìyá ẹ tó fi owó ẹja tọ́ ẹ dàgbà, ṣé ó ti gbọ́?"

Ohun tó fà á kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Lọ́dún 2003, táńkà epo kan gbiná, wọ́n sì kó àwọn tó jóná wá sí wọ́ọ̀dù tó ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Òun ló ń fọ ojú egbò wọn. Lọ́jọ́ kan tó ń lọ sílé, ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹlẹ́ran súyà kọjá, òórùn àwọn tó jóná yẹn gan-an ló gbọ́. Ibẹ̀ ló dúró sí tó ń bì. Ó kọ́kọ́ jáwọ́ nínú ẹran, ó jáwọ́ nínú ẹja, nígbà tó yá ó bá Ọlọ́run dá ẹ̀jẹ́ pé ohunkóhun tó bá ń mí kò ní í jìyà nítorí ikùn òun mọ́. Kò sọ fún ẹnì kan. Ta ló fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀?

Àìsọ yẹn ló di ọ̀ràn. Mùlíkátù, obìnrin kan tó ń yan ẹja tà létí ọ̀sà, pè é síbi ìkómọ àbúrò rẹ̀. Wọ́n gbé ìrẹsì ẹlẹ́ran wá, Ìbídùnní dá a padà, ó ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀wà.

"Nọ́ọ̀sì, èèwọ̀ yín ni, àbí ẹ ti wọ ẹgbẹ́ ni?" Mùlíkátù béèrè, gbogbo ojú sì yí sí i.

Kó má baà sọ̀rọ̀ òkú níbi ìkómọ, Ìbídùnní rẹ́rìn-ín. "Rárá o. Ó dáa fún ara ni."

Mùlíkátù wo awọ ara rẹ̀ tó ń dán, ó gbà. Kò wo ẹ̀wà tó kún abọ́, tó ń ṣe iṣẹ́ ẹran lára rẹ̀.

Ẹ má bú u. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún un pé ọmọ tó bá mọ adùn ẹyin àti ẹran máa di olè. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí Ìbídùnní bá ń sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n fún ọmọ lẹ́yin, kí wọ́n fún un lẹ́ja, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á lọ sílé lọ ṣe tẹnu wọn. Wàyí o, nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ti ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn. Ṣàmsúdéènì, ọmọ Mùlíkátù, ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni. Ẹ̀kọ láàárọ̀, omi ọbẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ̀kọ lálẹ́, nínú ilé tí ẹja kún dé òrùlé!

Nígbà tó gbé e wá sí ilé ìwòsàn, inú rẹ̀ ń dùn. "Nọ́ọ̀sì, ẹ wá wo ọmọ yín. Ó ti ń sanra!"

Ìbídùnní fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ojú ibẹ̀ jìn wọlé, kò padà. Irun orí rẹ̀ ti pọ́n. Wíwú ni, kì í ṣe sísanra.

"Ìyá Ṣàmsú, kí lọmọ yìí ń jẹ?"

"Ohun tí ẹ̀yin náà ń jẹ ni. Kò fi ohun ẹlẹ́mìí kan ẹnu."

Ojú ti Ìbídùnní, ẹ̀rù sì bà á. Ó ní kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá n'Ìkòròdú kíákíá, pé ara ọmọ náà ń fẹ́ ẹyin, ó ń fẹ́ ẹja. Mùlíkátù gba ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"Ṣé ẹ fẹ́ sọ ọ́ di olè ni? Ohun tí ẹ̀yin ò lè jẹ, tèmi lẹ fẹ́ fún? A ò lọ síbì kankan."

Ẹyin sísè kan wà nínú kúlà oúnjẹ Mẹ́tírọ̀nù. Ìbídùnní mú un, ó bó o, ó gé e jẹ níṣojú wọn. Tipátipá ló fi gbé e mì. Òórùn wọ́ọ̀dù yẹn tún padà wá, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i? Irọ́ ni mo pa fún yín níbi ìkómọ. Ẹ jọ̀ọ́."

Mùlíkátù gba èyí tó kù, ó rún bíńtín sẹ́nu ọmọ náà, ó sì gbà láti lọ. Kí ọkọ̀ wọn tó dé Ìtamága lójú ọ̀nà Ìkòròdú, Ṣàmsúdéènì ti kú.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Wọn ò sọ pé ó lè bá a tán kó má wúlò fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n sin ọmọ náà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ilẹ̀ sì tó mọ́, Mùlíkátù ti ń sunkún káàkiri: "Ọmọ mi ń sanra bọ̀ kí nọ́ọ̀sì tó fún un lẹ́yin. Ẹyin ló pa á!"

Nígbà tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé, Ìbídùnní gbé abọ́ ẹyin sísè síwájú àwọn ìyá ọlọ́mọ. Ó bó ọ̀kan, ó jẹ ẹ́, ó ní kí wọ́n wá mú. Kò sẹ́ni tó dìde. Obìnrin kan lẹ́yìn ló sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́:

"Ṣé èyí tó pa ọmọ ọlọ́mọ náà ni?"

Ìbídùnní bó ìkejì, ó tún jẹ ẹ́.