Ẹni Tó Mọ̀ Pé Ilẹ̀ Náà Kò Ṣófo

Ní Erinje, bí ẹnikẹ́ni bá pàdé Lọ́yà Philemon Àlàmú lọ́nà, yóò kí i, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ń yà sílé rẹ̀. Aníwúrà ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Òkè òkun làwọn ọmọ wà, ojú fóònù ni wọ́n ti ń rí bàbá wọn. Bó bá ro pupuru, òun nìkan ní í bu òkèlè rẹ̀.

Èèyàn pàtàkì ni tẹ́lẹ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ló wọṣẹ́ ológun nígbà ogun abẹ́lé, ó sì pọn ọ̀gá rẹ̀ tó fara gbọta la ẹrẹ̀ kọjá títí dé ibi ìtọ́jú. Ogun parí, ó kọ́ ìmọ̀ òfin. Ẹjọ́ tálákà ló máa ń rò. Ìyẹn làwọn ará ìlú ṣe dìbò fún un wọ ilé aṣòfin.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti wọ́. Wọ́n gbé àbá kan wá pé kí ìjọba gba ilẹ̀ kan lẹ́yìn Erinje fún oko rọ́bà, wọ́n ní ilẹ̀ náà ṣófo. Àlàmú mọ̀ pé kò ṣófo. Ó mọ ọ̀pẹ ibẹ̀, ó mọ àwọn abà, ó mọ sàréè tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n alága ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá tako àbá náà kò ní padà wá sílé aṣòfin mọ́. Ẹni tí kò sá fún ìbọn wá sá fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Wọ́n ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn nawọ́, ó nawọ́. Kí ọdún tó yípo, katakata ti wọ oko àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹnì kankan ò sì gbin rọ́bà síbẹ̀. Igbó ló padà gba gbogbo rẹ̀.

Ó lé lógójì ọdún lẹ́yìn náà, obìnrin kan sọ̀ lórí ọ̀kadà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Salome lorúkọ rẹ̀. Akotogbo ló ti wá, níbi tí bàbá rẹ̀ sá lọ máa bá olóko fún epo lẹ́yìn tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀.

"Àwa ọmọ onílẹ̀ ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ ní Okitipupa, Bàbá. Ìjọba ní ilẹ̀ náà ṣófo nígbà tí wọ́n gbà á. Àwọn tó lè jẹ́rìí sì ti kú tán."

Àlàmú wolẹ̀. "Ṣé o mọ̀ pé mo wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i?"

"Mo mọ̀. Ìyá mi kì í dárúkọ yín láìtutọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá."

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Ó ti kú. Ó ní ká má sin òun sílẹ̀ onílẹ̀, ṣùgbọ́n a ò níbòmíràn."

Lọ́jọ́ ẹjọ́, Àlàmú yọ aṣọ lọ́yà rẹ̀ nínú àpótí, ó tún dá a padà. Ẹlẹ́rìí ló ń lọ ṣe.

Agbẹjọ́rò ìjọba bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ parọ́ fún ilé aṣòfin nígbà náà ni?"

"Mo dákẹ́. Àwọn tó parọ́ parọ́, èmi tí mo mọ òótọ́ sì nawọ́ sí i."

Ó wá ka orúkọ àwọn tó ń dáko níbẹ̀, mẹ́tàdínlógún. Nígbà tó dé orí orúkọ bàbá Salome, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, adájọ́ dá ilẹ̀ padà fún àwọn ọmọ onílẹ̀. Orin ni wọ́n ń kọ wọ bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì kún; kò sẹ́ni tó rántí Àlàmú. Ó dá ọ̀kadà dúró, ó lọ sílé.

Ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n fẹ́ dúpẹ́, Salome wá pè é. Àlàmú wọ sùtánà funfun, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn. Òun nìkan ló wà lórí rẹ̀. Wọ́n ń mú ìyá Salome, Màmá Helen, kọjá. Arúgbó náà dúró.

"Ìwọ ni Àlàmú?"

"Èmi ni, Mà."

"Mo gbọ́ pé o dárúkọ ọkọ mi."

"Mo dárúkọ wọn, Mà."

Ìyá wò ó títí. "Ó pẹ́," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ síwájú.

Àlàmú mọ̀ pé òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n ń bu oúnjẹ, ó wọ bàtà rẹ̀, ó rìn lọ sílé. Ó jókòó sẹ́nu ìlẹ̀kùn, ó ń gbọ́ orin wọn láti ọ̀ọ́kán, títí orin náà fi dákẹ́.