Ìbọn Kan fún Iṣẹ́ Mẹ́ta

Kí n tó sọ ohun tí ìbọn náà dá sílẹ̀, ó yẹ kí ẹ mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́. Obed ni orúkọ mi. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, níbi tí wọ́n ti ń tún bọ́ọ̀sì ṣe ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Barnfield Estate, ní Woolwich nílùú òyìnbó, sì ni èmi àti Christiana ìyàwó mi ń gbé. Mo kórìíra kí ènìyàn ra nǹkan méjì níbi tí ọ̀kan bá ti lè tó. Kóòtù kan ni mo ní. Òun ni mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, òun ni mo ń wọ̀ lọ síbi ìsìnkú, bí òtútù bá sì le jù, mo máa ń tẹ́ ẹ lé bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí. Ìyàwó mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí Ọlọ́run bá gbà mí láyè, ojú kan ni ǹ bá máa fi ríran, kí n fi èkejì pamọ́. Èmi a sì máa rẹ́rìn-ín, nítorí mo rò pé ọgbọ́n ni mo ń gbọ́n.

Ìjọ Aládùúrà ni wa. Ilé ìkẹ́rù àtijọ́ kan tó wà lẹ́yìn Plumstead Road la fi ń ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, èmi sì ni alága ìgbìmọ̀ ìkórè. Lọ́dún tó kọjá, ẹrù mẹ́ta já lé mi léjìká lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ ṣe eré ìkórè tí olè kan yóò ti yọ ìbọn sí oníṣòwò. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, tí Christiana jẹ́ olórí wọn, fẹ́ lọ sá eré ìje ní pápá kan ní Thamesmead, wọ́n sì ń wá ohun tí wọn yóò fi máa dá eré sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àwọn ẹyẹlé tó ń su sílẹ̀ láti orí òrùlé wa. Ẹni tó bá wọ sùtànà funfun bọ̀ níbẹ̀, àfi kó sáré wọlé. Ta ni yóò gbọ́ pé Aládùúrà ń pa ẹyẹlé tí kò ní bú wa? Àmọ́ a lè fi ariwo lé wọn.

Christiana béèrè pé agogo ńkọ́. Agogo àdúrà wa ni wọ́n fi ń dá eré àwọn ọmọ sílẹ̀ láti ìgbà tí Ìlérí, ọmọ wa, ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, Ìlérí sì ti pé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n báyìí. Mo ní agogo ò bágbà mu mọ́, pé àwọn ọmọ tó ń wo eré sísá lórí tẹlifíṣọ̀n mọ̀ pé ìbọn ni wọ́n ń yìn.

Mo wọ ọkọ̀ ojú omi ní Woolwich, mo sọdá lọ bá Adrian, òyìnbó kan tó ń ta ohun èlò eré orí ìtàgé ní òdì kejì. Ó to ìbọn ìléwọ́ mẹ́ta síwájú mi, gbogbo wọn jẹ́ irú èyí tí ilé ọta rẹ̀ ń yípo. Kò sí èyí tó lè pa èèrà nínú wọn. Ọ̀kan jẹ́ rọ́bà, kò lè dún rárá. Èkejì ń dún dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ọsàn láti ẹnu dé ìdí, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mú. Ẹ̀kẹta dúdú, irin ni, ó wúwo, ó ń dún, kò sì sí ẹni tó máa rí i tí kò ní gbé ọwọ́ sókè.

Adrian ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Ó ní aláwọ̀ ọsàn ni tìta gbangba. Dúdú yẹn, orí ìtàgé nìkan ló wà fún. Ó ní òun ò lè tà á láìsí lẹ́tà ṣọ́ọ̀ṣì, inú àpótí rẹ̀ ni kó máa wà ní títì, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tó bá fọwọ́ síwèé, kò sì gbọdọ̀ jáde sójú títì láéláé. Ó ní ọlọ́pàá tó bá rí i níta kò ní kọ́kọ́ béèrè bóyá eré ni. Mo ní mo ti gbọ́.

Òótọ́ ni mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ti ń ṣírò nínú mi. Aláwọ̀ ọsàn lè dá eré ìje sílẹ̀, ó lè lé ẹyẹlé, àmọ́ bí olè bá yọ ọ́ lórí ìtàgé, ẹ̀rín ni yóò pa gbogbo ìjọ. Dúdú yìí lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ni mo fẹ́ fi méjì ṣe? Mo fún un ní lẹ́tà ṣọ́ọ̀ṣì tí mo mú dání, mo fọwọ́ síwèé, mo gbé dúdú, inú mi sì ń dùn bí mo ṣe ń sọdá omi bọ̀ wálé.

Wòlíì wa gbàdúrà sí i, ó wọ́n omi ìyàsímímọ́ sí i lára. Ní ìjọ tiwa, ohun tí a bá ti gbàdúrà sí kì í fara kan ilẹ̀ mọ́. Bó bá ṣèèṣì bọ́, ẹni tó bá wà nítòsí a tètè gbé e, a sì fi aṣọ funfun wé e. Ọmọ ọdún méje nínú ìjọ wa mọ èyí. Eré ìkórè dùn, olè yọ ìbọn, àwọn ìyá àgbà pariwo Jésù. Mo jókòó lọ́wọ́ iwájú, mo ń fi ìdùnnú mi orí.

Ọ̀sán Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì ni àwọn ọmọ fẹ́ lọ sáré. Ní alẹ́ Jímọ̀, Christiana sọ fún mi láìfepobọyọ̀ pé òun ò ní gbé ìbọn yẹn lọ sí Thamesmead, pé agogo lòun máa mú lọ. Nígbà tó di àárọ̀, tó wọ ilé ìwẹ̀, mo mú kọ́kọ́rọ́, mo ṣí àpótí. Àpótí náà tóbi ju báàgì Christiana lọ, mo bá yọ ìbọn jáde, mo fi tówẹ́ẹ̀lì wé e, mo kì í sábẹ́ sùtànà rẹ̀ nínú báàgì. Mo yọ agogo kúrò nínú báàgì náà, mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo rò ó pé tí mo bá ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́sàn-án, màá bá wọn ní pápá, màá fa ìbọn yọ, àwọn ọmọ yóò fò sókè, òun náà yóò sì rẹ́rìn-ín. N kò sọ nǹkan kan fún un.

Nínú bọ́ọ̀sì, ọmọ ìkókó kan da mílíìkì sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Christiana. Ó rí etí tówẹ́ẹ̀lì nínú báàgì rẹ̀, ó fà á láti bá ìyá ọmọ náà nù ún. Ìbọn bá a jáde, ó sì já sílẹ̀ gbàgà. Àwọn èrò kígbe, dírẹ́bà ṣílẹ̀kùn, gbogbo wọn tú jáde. Ká ní Christiana fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kó bá tiwọn sá, ọ̀rọ̀ náà ì bá má le tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a ti gbàdúrà sí ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e, ó fi sùtànà rẹ̀ wé e, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì jókòó sí ibùdó bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ìbọn náà lórí itan. Ó ń retí mi, nítorí ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì tèmi máa gbà tí mo bá ń lọ sí pápá.

Ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ dé, tàwọn ti ìbọn tòótọ́. Wọ́n ní kó dojú bolẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, tí orúnkún ń dùn ún. Nígbà tí bọ́ọ̀sì tèmi débẹ̀, wọ́n ti gbé e dìde, wọ́n ti so ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, iyanrìn wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Wọ́n ta okùn yí ibẹ̀ ká. Mo dúró sí ẹ̀yìn okùn nínú kóòtù mi.

Ó ti ṣàlàyé fún wọn pé ìbọn eré ṣọ́ọ̀ṣì ni, pé inú àpótí ló máa ń wà. Ọlọ́pàá obìnrin kan ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ta ló yọ ìbọn náà nínú àpótí, ta ló fi í sínú báàgì. Christiana gbójú sókè, ó rí mi. Ó wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé, “It's me. I put it there.”

Kí ẹ lè mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn: ọdún kẹtàlá rẹ̀ nìyẹn tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá sì wọ ìwé ọlọ́pàá kì í pẹ́ nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ní tèmi, ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n fẹ́ fi òróró yàn mí ní Àpọ́sítélì. Ọlọ́pàá yẹn yíjú sí mi, ó béèrè bóyá mo mọ obìnrin yìí.

Mo ní, “She's my wife.”

Ohun tí mo sọ ò ju ìyẹn lọ.

Wọn ò gbé e lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n fún un ní ìwé ìkìlọ̀, ó fọwọ́ sí i pé òun jẹ̀bi, wọ́n sì dá a sílẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Kò pé oṣù kan, ilé ìtọ́jú ní kó máa lọ. Ọjọ́ tí wọ́n fi òróró yàn mí, òun ló lọ sùtànà tuntun mi. Ó fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ tí kò fi hunjọ níbì kankan. Mo sọ fún ara mi pé màá sọ òtítọ́ lọ́la. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Àwọn àgbà ní àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn, tèmi ò tilẹ̀ dúró dẹ̀yìn. Ojoojúmọ́ ni mo ń bá a jí. Christiana rí iṣẹ́ gbálẹ̀-gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì kan, ọjọ́ Sunday sì wà nínú ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ìlérí ló kọ́kọ́ bi mí léèrè. Glyndon Estate ló ń gbé, ó wá bá ìyá rẹ̀ kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, ó sì ka ìwé ọlọ́pàá náà. Ó bá mi ní pálọ̀.

“Daddy, mummy said she opened the box. But key yẹn, ọwọ́ ẹ ló máa ń wà, àbí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan agogo tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò pariwo. Ì bá dára ká ní ó pariwo.

Ó ní, “She loved those old people. Ó mọ birthday gbogbo wọn.” Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Christiana ń gé ẹ̀fọ́ ní kíṣìnnì. Mo jókòó sórí àpótí ìtìsẹ̀ kí orí mi lè relẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. Mo ní, “Mummy Ìlérí, èmi ni mo fi ìbọn yẹn sínú báàgì ẹ.”

Kò dúró nínú ẹ̀fọ́ tó ń gé. “Mo mọ̀. Àwa méjì là ń gbélé, ta ló tún máa jẹ́?”

Mo béèrè pé kí ló dé tó fi gbà á sọ́rùn. Ó wá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Daddy Ìlérí, mo ń fún yín láyè ni. Mo ní tí mo bá ti sọ pé èmi ni, ọkọ mi máa sọ pé rárá. Ẹnu yín ni mo ń wò. Mo wò ó títí wọ́n fi fi mí sínú mọ́tò.”

Omi bọ́ lójú mi. Mo ní ṣé kí n lọ bá ọlọ́pàá nísinsìnyí, àbí ó ti pẹ́ jù, ohun tó bá sọ ni màá ṣe.

“Mi ò mọ̀,” ló sọ. “Ẹ má fi èyí náà sínú báàgì mi.”

Mo lọ ní ọjọ́ kejì. Wọ́n kọ gbogbo ohun tí mo sọ sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn máa wò ó, ṣùgbọ́n àwọn ò lè ṣèlérí pé ìwé tí ìyàwó mi ti fọwọ́ sí máa yí padà. Títí di òní, lẹ́tà wọn ò tíì dé.

Nígbà tó di Sunday, nígbà ẹ̀rí jíjẹ́, mo dìde. Mo tú àmùrè Àpọ́sítélì, mo ká a, mo gbé e síwájú pẹpẹ. Mo sọ ti Adrian, mo sọ ti báàgì, mo sọ ti okùn tí mo dúró sẹ́yìn rẹ̀. Èmi tí mo fẹ́ kí ìbọn kan ṣiṣẹ́ mẹ́ta, ẹnu kan tí mo ní, iṣẹ́ kan péré ló ní lọ́jọ́ yẹn, kò sì ṣe é. Lẹ́yìn náà, Wòlíì ní kí gbogbo ènìyàn dìde, wọ́n lu agogo, wọ́n gbàdúrà fún mi, àwọn kan tilẹ̀ sunkún, wọ́n ní mo gbìyànjú.

Mo wo ìlà àwọn obìnrin. Christiana kò sí níbẹ̀. Ó wà níbi iṣẹ́, ó ń gbálẹ̀.